Bí A Ṣe Lè Kọ Ìtàn Ẹbí Sílẹ̀ Nígbà Tí Àwọn Àgbà Ṣì Wà Láàyè

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú ńlá tàbí sí òkè òkun lónìí mọ bàbá àti ìyá wọn, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n ní agbo ilé àti orílẹ̀ wọn, wọn kì í rí nǹkan kan sọ. Ọ̀rọ̀ náà ń kọni lóminú, nítorí pé ẹbí ló ń sọmọ lórúkọ, òun ló ń gbéyàwó fọ́mọ, òun náà ló sì ń sìnkú.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó ilé tó ti dàgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí. Àwọn ló ń fi oríkì jí ọmọ ọkọ wọn láàárọ̀, àwọn ló sì mọ ọmọ tó kú ní kékeré, ìyàwó tó kó jáde, àti ẹni tí wọ́n gbà tọ́ tó di ọmọ ilé. Ẹ tọrọ ààyè, kí ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ń kì yín, ẹ má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu láti béèrè ìtumọ̀, nítorí pé bí oríkì bá já lẹ́nu àgbà, ó máa ń pẹ́ kó tó padà wá. Ẹ má sì béèrè ọdún lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè ọba tó wà lórí oyè nígbà náà, tàbí bóyá ó ṣẹlẹ̀ kí a tó gba òmìnira ní 1960, tàbí kí náírà tó rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973.

Ẹ to orúkọ àwọn ọmọ sábẹ́ ìyá tó bí wọn, kí ẹ sì ya iyèkan sọ́tọ̀ kúrò lára ọbàkan. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé, tó ti Èkó dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìdájọ́ ọdún 1962 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí igi ṣì jẹ́ àṣà ogún pípín: iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye orí àwọn ọmọ. Ẹbí tí kò bá mọ ìyá tó bí oníkálukú, ìjà ló ń tọ́jú de àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ ka ìwé náà sókè ní ìpàdé ẹbí. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti dọ́gba, ẹ kọ ohun tí ìhà méjèèjì sọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ àti ohùn àwọn ìyá àgbà ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, kí ọmọ tó bá ń múra mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lè kọ́kọ́ wò ó bóyá òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò bára tan.