Bí A Ṣe Ń Mọ Ìkòkò Omi Nílé Wa

Ìkòkò omi ni mo fẹ́ kọ́ yín lónìí, kì í ṣe ìṣàsùn ọbẹ̀, kì í ṣe agbada. Òun ni màmá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Ìpetumodù ni wọ́n bí mi sí, nítòsí Ilé-Ifẹ̀, ìyá tó bí màmá mi náà sì jẹ́ amọ̀kòkò. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin lè báni wa amọ̀, ó lè báni ṣẹ́gi, àmọ́ obìnrin ló ń mọ ọ́n.

Àsìkò ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ wa amọ̀, ní etí odò tàbí ní àbàtà tó ti fà. Ẹ wa ilẹ̀ òkè kúrò títí ẹ ó fi kan èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́. Ẹ bù díẹ̀, ẹ fi omi pò ó, ẹ yí i bí okùn, kí ẹ wé e mọ́ àtàǹpàkò yín. Bó bá sán, ẹ fi sílẹ̀, ẹ wa ibòmíràn. Màmá mi kì í ki ọkọ́ bọ ilẹ̀ láìkọ́kọ́ ta omi tútù sílẹ̀ fún Ìyá Màpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ìkòkò mímọ àti aró rírẹ. Wọn kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ lọ́jọ́ ìsinmi o, síbẹ̀ wọ́n ń ta omi yẹn. Èmi náà ń ta á.

Ẹ sá amọ̀ náà kó gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì, ẹ ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá gún un nínú odó. Ibí yìí ni àpáàdì ti wọ̀ ọ́. Ẹ wá àfọ́kù ìkòkò, ẹ gún un kúnná, ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ pò ó mọ́ amọ̀: igbá amọ̀ márùn-ún sí igbá àpáàdì kan. Amọ̀ lásán máa ń súnkì bó bá ń gbẹ, ìsúnkì yẹn ló sì ń mú kó sán. Àpáàdì ti la iná kọjá rí, kò tún ní súnkì mọ́. Òun ló ń di amọ̀ tútù mú, òun náà ló ń lànà fún omi inú rẹ̀ láti jáde. Ẹni tó bá ti gún àpáàdì rí ló mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ní Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n tò ní ìnàró tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá láyé àtijọ́. Ìtàn ní Lúwòó, Ọọ̀ni obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ òun má bàa kan ẹrẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀.

Tó bá kan mímọ, ẹ da ojú ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀, ẹ fi eérú gbígbẹ pa ìdí rẹ̀ kí amọ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ tẹ́ amọ̀ pẹrẹsẹ lé e lórí, ẹ máa fi ọwọ́ gbá a títí yóò fi bo ìdí náà kárí. Ẹ jẹ́ kó le díẹ̀, kí ẹ ṣí i, kí ẹ gbé e jókòó sórí òṣùká. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí amọ̀ gbọọrọ gbọọrọ, kí ẹ máa tò ó lé ara wọn, kí ẹ máa fi ìka rẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. A kì í lo ẹ̀rọ tí ń yí ìkòkò. Ìkòkò á dúró, amọ̀kòkò á bẹ̀rẹ̀, á máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká. Ẹ wo ẹ̀yìn owó 20 náírà, ẹ ó rí Ladi Kwali, ọmọ Gwari, òun àti ìkòkò rẹ̀. Lọ́dún 1954 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tó wà ní Àbújá àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja lónìí, àmọ́ kò fi bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lábúlé sílẹ̀.

Kí ara ìkòkò má nípọn ju ìka kékeré yín lọ. Àfọ́kù igbá ni kí ẹ fi dán inú rẹ̀, kí ẹ fi ewé tútù dán ètè. Kó tó gbẹ, ẹ yí ṣùkù àgbàdo lé ikùn rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ó rẹwà, ọwọ́ tó lómi kò ní yọ̀ lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti gbígbẹ yìí. Abẹ́ òrùlé ni kó wà fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ da aṣọ bo ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó wà ní ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ tí ẹ ó sun ún gan-an ni kí oòrùn tó pa á. Mo ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí mo yọ́ ìkòkò mi tí kò tíì gbẹ sáàárín ti màmá mi. Omi tó kù nínú amọ̀ gbóná, ó di oru, kò rí ọ̀nà jáde. Ìkòkò náà bú gbàù, ó sì fọ́ mẹ́ta nínú ti màmá mi mọ́ ara rẹ̀. Wọn ò nà mí. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ti Àjàlá fún mi, amọ̀kòkò ọ̀run tó ń mọ orí. Oríṣèékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja mú orí ńlá tó wu ojú, wọn ò mọ̀ pé Àjàlá kò sun àwọn orí náà jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí náà sì ń rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀. Ti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà jiná. Òjò pa á, kò ṣe nǹkan kan. Látọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan lórí burúkú, ìkòkò tí wọn ò dúró tì ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀ ni ká sun ún. Ẹ fi iná kékeré yá a lára ná. Ẹ tò ó lé àpáàdì ní ìdojúdé, ẹ to igi gbígbẹ, èèpo igi àti imọ̀ ọ̀pẹ yí i ká, kí ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó. Yóò kọ́kọ́ dúdú. Ẹ má yọ ọ́. Bí dúdú náà bá jó tán tí ara rẹ̀ pọ́n, ó ti jiná. Ní Ìlọrin, wọ́n máa ń wọ́n omi èèpo irúgbá sí i lára bó ṣe gbóná, kó lè dúdú dáadáa. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkòkò omi nílé wa. Bó bá tutù, ẹ fi ìka kàn án: kó dún bí agogo. Bó bá dún kúbẹ́kúbẹ́, ó ti sán níbì kan.

Ẹ má fi ọ̀dà kùn ún láé, bó ti wù kó lẹ́wà tó lójú yín. Omi tó ń rọra yọ lára rẹ̀, tí atẹ́gùn ń gbẹ, ló ń mú inú rẹ̀ tutù. Ẹ rì ìdí rẹ̀ sínú iyanrìn tútù ní kọ̀rọ̀ ilé tí oòrùn kò dé. Ẹ pọn omi sí i, ẹ dà á nù lọ́jọ́ kejì, ẹ pọn òmíràn, ẹ tún dà á nù, nítorí yóò máa ta òórùn amọ̀ àti èéfín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Bó bá ń làágùn, ẹ bu omi mu.