Bí mo ṣe kówó igi jọ, àti ibi tí mo ti ṣì í ṣe

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ní kí n kówó jọ láti gbin igi, ohun tí mo kọ sórí WhatsApp ni pé igbó ń tán láyé, pé FAO, àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn ti UN, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 hẹ́kítà igbó ló ń pa run lọ́dọọdún láàárín 2015 sí 2020, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáwó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, èèyàn mẹ́rin ló sanwó, ẹ̀gbọ́n mi sì wà nínú ẹ̀.

Ìgbà tí mo wá rántí Team Trees, owó igi tí àwọn oní-YouTube kó jọ ní 2019, lojú mi là. Dọ́là kan, igi kan, ó parí. Mílíọ̀nù 20 dọ́là ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí i kí ọdún yẹn tó tán. Èmi náà bá kan èèkàn 300 mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda fún wa, gbogbo ẹ̀ ló ní nọ́ḿbà, ẹni tó bá sanwó á mú nọ́ḿbà tiẹ̀, màá sì máa ya fọ́tò igi ẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Háà, àwọn èèyàn ń jà lórí nọ́ḿbà 7!

Àkáǹtì ọ̀tọ̀ la ṣí, èèyàn méjì ló ń fọwọ́ sí i kówó tó jáde, gbogbo alẹ́ Jímọ́ọ̀ ni mo ń gbé ìṣirò sórí gúrúùpù. Ó máa ń sú mi ṣá.

Ibi tí mo ti ṣì í nìyí: owó ọmọ igi àti owó gbígbìn nìkan ni mo ṣírò. Òjò dá lẹ́yìn oṣù kan, ewé nọ́ḿbà 41 ń pọ́n, mo fà á tu, àṣé náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi hù ú ṣì wà lára ẹ̀! Gbòǹgbò ti lọ́ yípo nínú ẹ̀ bí okùn tí wọ́n ká sí garawa. Àwọn tó bá wa gbìn ín ń kánjú àtiya fọ́tò, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n bọ́ ọ, èmi ló sì yẹ kí n sọ ọ́. Igi 58 ló kú.

Mo fi fọ́tò náílọ́ọ̀nù yẹn ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, mo ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Àwọn kan bú mi. Mo wá pín owó igi kan sọ́nà mẹ́wàá, mẹ́ta fún rírà àti gbígbìn, méje fún omi, èpò títu àti ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, iye igi tó bá yè la sì fi ń san owó onítọ̀hún. Ọ̀dọ̀ Wangari Maathai ni mo ti rí ìyẹn, Green Belt Movement, ẹgbẹ́ tó ń gbin igi, tó dá sílẹ̀ ní Kenya ní 1977, máa ń fún àwọn obìnrin lówó díẹ̀ lórí igi tó bá yè. Owó igi wá wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ àwọn tó bú mi gan-an ló kọ́kọ́ san.

A gbin òmíràn dípò àwọn tó kú. Oṣù tó kọjá ni mo lọ ka àwọn tó yè: 261. Nọ́ḿbà 41 tuntun ti dé èjìká mi, ẹni tó ni ín ṣì ń bi mí pé kí ló dé tí tòun ò ga tó nọ́ḿbà 7.