Ìlẹ̀kẹ̀ láti Ṣáínà: ẹ wo mìlímítà, ẹ má wo àwòrán

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ n'Ílọrin, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó fún ará Ṣáínà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo iye mìlímítà tó kọ sábẹ́ ọjà, kí ẹ sì fi rúlà àwọn ọmọ yín wọ̀n ọ́n. Ìlà kékeré kan lórí rúlà ni mìlímítà kan. Wọ́n máa ń sún kámẹ́rà mọ́ ọjà débi pé ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 4 á rí bí àgbálùmọ̀ lójú fóònù. Okùn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40 máa ń gba nǹkan bí 50 ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 8, tàbí 100 ti mìlímítà 4. Ẹ fi iye yẹn pín owó okùn kan, ẹ ó mọ èyí tó wọ́n gan-an. Ẹ bi í pé ṣé gíláàsì ni àbí rọ́bà, torí gíláàsì wúwo, kílò sì ni wọ́n fi ń gba owó ẹrù. Àmọ́ rúlà kò mọ àwọ̀ o. Bí oníbàárà bá fẹ́ kó bá aṣọ òfì rẹ̀ mu régí, ẹ kọ́kọ́ ra okùn kan ṣoṣo wò, tàbí kí ẹ mú aṣọ náà lọ sí Ọjà Ọba.