Ọkọ̀ Tó Gbẹ̀yìn Ni Kẹ́ ẹ Kọ́kọ́ Wá: Ìrìn Orí Òkè Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Fún Ọmọ Èkó Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Ní Kérésì tó kọjá, a jókòó sí bákónì ilé àǹtí mi ní Adékúnlé, níbi téèyàn ti lè máa wo ọkọ̀ tó ń wọ́ lórí afárá Third Mainland. Ọmọ àǹtí mi, àbúrò mi tó ti gba físà láti lọ kàwé ní Leeds, rí àwòrán kan lórí fóònù mi: èmi, báàgì ńlá lẹ́yìn, ẹrẹ̀ dé orúnkún, àgùntàn mẹ́ta ń wò mí. Ó ní kí n ṣàlàyé. Kí n tó lanu, àǹtí mi ti dá a lóhùn: "Orí òkè àdúrà ló lọ." Mo ní rárá o, mo kàn lọ rìn ni. Wọ́n wò mí títí. "Láti ibo dé ibo?" Mo ní láti Edale ní England dé Kirk Yetholm ní Scotland, lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tó ń jẹ́ Pennine Way, máìlì 268, ṣùgbọ́n mi ò rìn ín lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń gé e jẹ, òpin ọ̀sẹ̀ kan níbí, ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, fún ọdún mẹ́rin.

"Ta ló ń lé ẹ?"

Ìbéèrè àbúrò mi ló jọ mí lójú jù: "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá rìn dé àárín igbó tílẹ̀ sì ń ṣú, báwo lẹ ṣe ń délé?" Ohun tí mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn tó ń dé sí Manchester, Sheffield, Leeds àti Bradford láti Èkó kò kéré, òkè sì wà lẹ́yìnkùlé gbogbo wọn.

Àrùn kan ń ṣe àwa ọmọ Èkó: a gbà pé ọkọ̀ kì í tán. Aago mọ́kànlá alẹ́ lè lù bá ẹ ní Ojúẹlẹ́gbà, kọ́ńdọ́ á ṣì máa ké "Òṣòdì, Òṣòdì-Òkè, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" Bí danfo ò bá sí, kẹ̀kẹ́ wà. Bí kẹ̀kẹ́ ò bá sí, ọ̀kadà tí ìjọba ní kó má ṣiṣẹ́ mọ́ á yọ láti kọ̀rọ̀ kan. Abúlé orí òkè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì lè má wá ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́, èyí tó gbẹ̀yìn lè ti lọ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ó sì lè má sí rárá lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ má gbójú lé Uber tàbí Bolt. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni fóònù gan-an ò ní nẹ́tíwọ̀kì. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn láti Alágómejì mọ ohun tí mò ń sọ: aago pé, ọkọ̀ gbéra, ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti máa ṣètò ìrìn yín wá síwájú. Ẹ kọ́kọ́ wá ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ẹ wá èyí tó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú, òun lẹ máa fọkàn sí, kí èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti ọjọ́ tí nǹkan bá yíwọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó máa bi ara yín léèrè aago tí ẹ máa jí.

Ojú mi ti rí nǹkan kí n tó gbọ́n. Ọdún àkọ́kọ́ mi ni, oṣù kẹjọ, ọjọ́ Ajé kan. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí abúlé kan lẹ́yìn ìrìn wákàtí méje. Mo ti wo àkókò bọ́ọ̀sì láti ilé: 16:12, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Mo dé ibùdókọ̀ ní 15:50, inú mi dùn, mo tiẹ̀ bọ́ bàtà. 16:12 kọjá. 16:30 kọjá. Ìyá àgbà kan tó ń fa ajá bi mí pé kí ni mò ń dúró dè. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rìn lọ síbi ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó, ó fi ìka kan òkè 16:12 gan-an. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tíń-tìn-tín bí ẹsẹ̀ èèrà: Sch. Ọjọ́ tí ilé-ìwé bá ṣí nìkan ni bọ́ọ̀sì yẹn ń rìn. Oṣù kẹjọ sì rèé, gbogbo ọmọ wà ní họ́lídè. Iye tí táásì tó wá gbé mi láti ìlú kejì gbà, mi ò jẹ́ sọ ọ́ létí àǹtí mi.

Látìgbà náà, bí ẹni ń ka ìwé ilé ẹjọ́ ni mo ṣe ń ka àwọn lẹ́tà kéékèèké yẹn. SuBH ni ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Àkókò ọkọ̀ ojú irin máa ń yí padà lóṣù karùn-ún àti lóṣù kejìlá, ẹ má lo èyí tẹ́ ẹ yà sí fóònù lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sábà máa ń tún ojú irin ṣe, wọ́n á wá fi bọ́ọ̀sì rọ́pò ọkọ̀ ojú irin, ìyẹn á sì fi àkókò kún ìrìn yín. Lọ́jọ́ Kérésì gan-an, ọkọ̀ ojú irin kankan kì í rìn. Ohun kan tún wà tó máa ń ya àlejò lẹ́nu: bí ẹ bá tiẹ̀ dúró sídìí òpó bọ́ọ̀sì, ẹ na ọwọ́ o! Bẹ́ ẹ bá káwọ́ gbera, dírẹ́bà lè rò pé ẹ kàn ń gbatẹ́gùn ni.

Ọgbọ́n kan tí àwọn tó pẹ́ nídìí ìrìn yìí máa ń lò rèé. Bí apá kan ìrìn bá jẹ́ abúlé tí bọ́ọ̀sì ò pọ̀, tí apá kejì jẹ́ ìlú tó ní ọkọ̀ ojú irin, abúlé yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí ara ṣì dá, tí ọjọ́ sì ṣì gùn níwájú yín, kẹ́ ẹ wá máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ síbi tí ọkọ̀ wà. Bẹ́ ẹ bá pẹ́ lọ́nà, kò ní burú jù. Ẹni tó bá ṣe é ní òdìkejì á máa sáré lórí àpáta nítorí bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ lẹsẹ̀ ti ń yẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Pennine Way yìí díẹ̀. Edale ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Derbyshire, ó sì parí sí Kirk Yetholm, lórí ilẹ̀ Scotland. Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, àwọn òṣìṣẹ́ láti Manchester àti agbègbè rẹ̀ kóra jọ, wọ́n gun òkè Kinder Scout, nítòsí Edale, tí àwọn onílẹ̀ ti dí mọ́ aráàlú, wọ́n sì ju àwọn kan nínú wọn sẹ́wọ̀n. Ní 1935, akọ̀ròyìn kan, Tom Stephenson, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí wọ́n la ọ̀nà gígùn kan gba orí àwọn òkè yẹn kọjá. Ọgbọ̀n ọdún ló gbà. 24 oṣù kẹrin 1965 ni wọ́n ṣí i.

Mo sọ ìtàn yẹn nítorí ìbẹ̀rù kan tó máa ń bá wa dé ibẹ̀. Ọmọ Èkó tó ti mọ géètì, máígáàdì àti ajá, bó bá rí i pé ọ̀nà gba àárín oko olóko kọjá, á dúró. Ẹ má dúró. Bí àmì bá sọ pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti gbogbo èèyàn ni, òfin wà lẹ́yìn yín, àgbẹ̀ tó ni màlúù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà fi géètì sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe bá a. Àmọ́ ẹ̀tọ́ láti kọjá kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti sùn: ní England, yàtọ̀ sí apá kan Dartmoor, ilẹ̀ olókè kan ní gúúsù, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ onílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pàgọ́. Òfin Scotland ti 2003 fàyè gbà á ní ọ̀pọ̀ ibi.

Edale kọ́ ni mo ní kí àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ o. Òótọ́ ni pé ó ní stéṣọ̀n tirẹ̀ láàárín Manchester àti Sheffield, àmọ́ ìrìn ọjọ́ àkọ́kọ́ dé Crowden jẹ́ máìlì 16, ìyẹn ju kéèyàn rin afárá Third Mainland lálọ-àtàbọ̀ lọ, Crowden ò sì ní stéṣọ̀n. Gargrave ni mo yàn fún un. Láti Leeds, ẹ ò ní pààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin kẹ́ ẹ tó dé Gargrave. Ẹ máa rí àmì tí wọ́n ya èso igi kékeré kan sí, acorn ni wọ́n ń pè é, òun ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé. Ìrìn dé Malham jẹ́ máìlì bíi 7, ilẹ̀ ibẹ̀ rọra tẹ́, ẹ̀gbẹ́ odò Aire lẹ máa wà fún ìgbà pípẹ́. Ẹ sùn ní Malham, ilé ìsùn YHA wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, máìlì bíi 15 dé Horton-in-Ribblesdale, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti máa gbé yín padà sí Leeds lójú irin kan náà. Kò sí bọ́ọ̀sì nínú ẹ̀, kò sí táásì. Bí ẹ bá lè lọ lọ́jọ́ Ẹtì kẹ́ ẹ bọ̀ ní Sátidé, ó sàn, torí ọkọ̀ ọjọ́ Àìkú kéré.

Ọjọ́ kejì yẹn ni ìrìn gan-an. Ẹ máa kọ́kọ́ bá Malham Cove, ògiri òkúta funfun tó ga tó mítà 80, àtẹ̀gùn bíi 400 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. (Òkè tó ga jù tí ọ̀pọ̀ wa gùn l'Ékòó ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ Òjóta, ẹ rọra.) Lórí rẹ̀, òkúta náà sán gẹ́gẹ́ bí gìgísẹ̀ ìyá tó ń rìn láìwọ bàtà lọ́yẹ́, àlàfo rẹ̀ sì lè gbé kókósẹ̀ mì, bí òjò bá ti rọ̀ sí i, ó ń yọ̀ bí ilá. Lẹ́yìn ìyẹn ni Fountains Fell, mítà 668, tí kò lẹ́wà tó sì gùn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń jókòó mu gàrí Ìjẹ̀bú mi. Mo máa ń gbé e sínú ike pẹ̀lú ẹ̀pà àti ṣúgà, omi tútù nìkan ló kù. Àwọn òyìnbó ń ra oúnjẹ gbígbẹ olówó gọbọi fún irú ìrìn yìí. Ẹ wo nǹkan tó fúyẹ́, tí kì í bàjẹ́, tí kò nílò iná, tó ti ń bẹ nílé wa látọjọ́ pípẹ́. Omi odò ibẹ̀ ńkọ́? Àgùntàn ló wà lókè odò, ẹ gbé omi yín láti Malham. Pen-y-ghent, mítà 694, ló kẹ́yìn. Lókè rẹ̀ ẹ máa fi ọwọ́ gun àpáta díẹ̀. Láti ibẹ̀ lẹ máa ti rí Horton nísàlẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ máa bá ọkọ̀? Naismith, ará Scotland kan, fi ìṣirò kan lélẹ̀ ní 1892 tí a ṣì ń lò: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, kẹ́ ẹ tún fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tẹ́ ẹ bá gùn sókè. Máìlì 15 jẹ́ wákàtí márùn-ún. Àpapọ̀ gígun òkè ọjọ́ náà kọjá mítà 600, ẹ jẹ́ ká pè é ní wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹ fi ti gàrí, ti fọ́tò àti ti ìmíkanlẹ̀ kún un, ó di wákàtí mẹ́jọ. Bẹ́ ẹ bá jáde ní Malham laago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lẹ máa wọ Horton. Ọkọ̀ tó ń dúró níbẹ̀ ò pọ̀, ó lè tó wákàtí méjì láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í ra tíkẹ́ẹ̀tì Advance fún àbọ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ọkọ̀ kan pàtó ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn wà fún. Bó bá lọ, owó lọ. Off-Peak Return ni kẹ́ ẹ rà, ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ wọ èyí tó bá wu yín lásìkò tí èrò ò pọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gba Railcard 16-25, ó ń yọ ìdá mẹ́ta kan kúrò nínú owó ọkọ̀. Ẹni tó ti lé ní ọdún 25 tó ń kàwé ní kíkún náà lè gbà á. Ọ̀pọ̀ wa ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyókù ọ̀nà náà, ẹ wo máàpù kẹ́ ẹ gé e síbi tí stéṣọ̀n bá sún mọ́: Marsden, Hebden Bridge, Gargrave, Horton, Garsdale fún ẹni tó ń lọ sí Hawes, Appleby fún Dufton, Haltwhistle fún Greenhead. Lẹ́yìn Haltwhistle, ọ̀rọ̀ yí padà. Apá tó kẹ́yìn, láti Byrness dé Kirk Yetholm, jẹ́ máìlì bíi 26, kò sí abúlé kankan láàárín rẹ̀, ahéré ìsádi méjì péré ló wà lókè níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tẹ́ ẹ bá ní lífù ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́. Láti Kirk Yetholm, bọ́ọ̀sì ń lọ sí Kelso.

Ojúmọ́ tún ńkọ́. L'Ékòó, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje ṣáá, yálà oṣù kẹfà tàbí oṣù kejìlá. Ní àríwá England, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nílẹ̀ ti ń ṣú lóṣù kejìlá. Lóṣù kẹfà, ó ń kọjá aago mẹ́sàn-án àtààbọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní oṣù kìíní, kó dúró di oṣù karùn-ún. Ẹ ra ẹ̀wù òjò tó dáa, ẹ má wọ jíǹsì, bó bá tutù kì í gbẹ. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí, páwà báǹkì, máàpù bébà ti Ordnance Survey. Máàpù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ OL2 ni ti Malham sí Horton.

Bí nǹkan bá ṣe yín lókè, ẹ pe 999, ẹ ní ẹ fẹ́ ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sọ pé mountain rescue lẹ ń wá. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń wá gbéni ò gbowó oṣù, iṣẹ́ àánú ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí àǹtí mi gbọ́ èyí, wọ́n ní kí n tún un sọ. Ẹ tún lè fi ọ̀rọ̀ "register" ránṣẹ́ sí 999 láti ilé, kẹ́ ẹ lè máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ kàn sí wọn níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ò ti lágbára tó láti pè. Fèrè náà ńkọ́: ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fọn ọ́n.

Lóṣù karùn-ún, àbúrò mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi láti Horton. Ojú rẹ̀ ò sí nínú ẹ̀ rárá, ìwé àkókò ọkọ̀ ara ògiri stéṣọ̀n ló yà, ìka ẹlẹ́rẹ̀ kan ń tọ́ka sí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti wọ èyí tó ṣáájú ẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún mọ́mì pé kò sẹ́ni tó ń lé mi o."