Bí mo ṣe ń bá ọmọ wí láti ìgbà tí mo ti ju àtòrì nù

Ọ̀kún o, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin òbí náà, ọ̀kún o.

Ọdún 14 ni mo fi na ọmọ ní kíláàsì kẹta níbí ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń pẹ́ dé. Ẹgba mẹ́ta ni tirẹ̀ láràárọ̀. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé á na ọwọ́ sílẹ̀ kí n tó lanu. Lọ́jọ́ kan, àtòrì ṣẹ́. Ibi tí mo ti ń wá òmíràn ni mo ti bi í pé kí ló ti ń ṣe láti ìgbà tó ti jí. Ó ní òun pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù, òun wá gbé àbúrò òun lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, torí ìyá àwọn ti lọ sóko. Ọmọ ọdún 8! Torí omi ni mo ṣe ń na ọmọ láti ọjọ́ yìí wá.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi í. Kì í ṣe "ṣé orí ẹ pé?" o, ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ lóṣòó kí ojú yín lè bá ojú rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ ní kó ròyìn àárọ̀ rẹ̀. Mo rí ìyá ọmọ yẹn, ó ní kí wọ́n máa pọnmi lálẹ́. Ó ṣì ń pẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ìyà bá ẹ̀ṣẹ̀ mu. Ẹni tó da omi sí ìwé ẹlòmíràn, á jókòó nígbà ìsinmi, á tún un kọ. Ẹ má fi kíkúnlẹ̀ nínú oòrùn rọ́pò: àbúrò pàṣán nìyẹn.

Nílé, ẹjọ́ àwọn àgbà ló le. "Ṣebí wọ́n nà wá!" Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi nà mí nídìí igi obì. Mo ṣì mọ ẹ̀ka tí wọ́n já, mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ má bá bàbá àgbà jiyàn lójú ọmọ. Ẹ mú ọmọ lọ bọ́jú, tó bá dalẹ́, ẹ padà lọ kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèyí lé mi lọ́wọ́."

Ẹni tó bá ní òfin gba òun láyè kò purọ́. Sẹ́kísọ̀n 55 nínú Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn apá àríwá Nàìjíríà, gba òbí àti tíṣà láyè láti bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wí, bí wọn ò bá ti ṣe é léṣe tó lágbára. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2003 sì ní kí a má ṣe ọmọ léṣe lára tàbí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n orí àtòrì a máa yí: ẹ̀yìn lẹ fojú sùn, etí ló bà. Ta ló fẹ́ wá ṣàlàyé ẹyinjú tó fọ́ fún adájọ́?

Ariwo kíláàsì ńkọ́? Ọmọ 50 kì í dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọwọ́ bá ń yún mi, mo máa ń kọ̀yìn sí wọn, máa nu bọ́ọ̀dù, bó tilẹ̀ mọ́. Wọ́n ti mọ̀ mí báyìí. Bí mo bá ti gbé dọ́sítà, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu.