Ẹ Má Pẹ́ Lórí Ọsán: Àṣìṣe Àsìkò Tó Ń Ba Ọfà Títa Jẹ́

Bí ọfà bá ti yà kúrò lójú àmì báyìí, ọrun la máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. A ó pààrọ̀ ọfà, ìyẹn náà á tún yà. Ẹjọ́ ọrun kọ́. Ọfà kan, ìṣẹ́jú àáyá méjì lẹ fi di ọsán, ìyẹn okùn ọrun, mú, èkejì, mẹ́jọ. Ọwọ́ tó ti rẹ̀ kò lè ta bí ọwọ́ tí kò rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn fa ọsán dé abẹ́ àgbọ̀n tán, kó wá máa dúró títí ojú ìfojúsùn á fi dúró pa sáàárín. Kò lè dúró pa láé. Bí ẹ ṣe ń pẹ́ sí i, iṣan ẹ̀yìn ń dẹ̀, apá tó di ọrun mú ń gbọ̀n, ọsán sì ń yọ́ fà yín síwájú. Bó ti wù kó kéré mọ, agbára ọfà ti dín kù nìyẹn, ìsàlẹ̀ ló máa balẹ̀ sí. Ní 70 mítà, òbìrìkìtì máàkì 10 tó wà láàárín àmì kò ju sẹ̀ǹtímítà 12.2 lọ ní ìbú, torí náà ìyàtọ̀ díẹ̀ ti tó láti gbé ọfà kúrò níbẹ̀.

Bó bá ti pẹ́, ẹ rọra dá ọsán padà, ẹ mí, ẹ tún un fà. Ojú máa ń tini láti ṣe é níwájú èrò, mo mọ̀. Ẹni tí kò ṣe é rí nígbà ìdánrawò kò ní rántí ẹ̀ níbi ìdíje. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo clicker náà (irin pẹlẹbẹ ara ọrun tó máa ń dún bí ẹ bá ti fa ọfà dé ibi tó yẹ), bí kò bá tètè dún, ẹ má fi ipá fà á, ẹ dá a padà.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìkánjú ni tiwọn. Níbi ìdíje ẹnìkan sí ẹnìkan, ìṣẹ́jú àáyá 20 ni wọ́n ń fúnni fún ọfà kan, ìyẹn sì tó, àmọ́ ẹni tí kò fi aago dánra wò rí á rò pé ó ti tán. Ọfà tí kò dáa tún máa ń fa ìkánjú: èèyàn á sáré ta èyí tó tẹ̀ lé e, kò ní mí, kò ní wo ẹsẹ̀.

Ẹ ní kí ẹnìkan fi fóònù ká yín sílẹ̀. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí ọwọ́ kan àgbọ̀n títí ọfà fi jáde, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì ọfà kọ̀ọ̀kan.