Bí a ṣe ń dá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù nígbà tí ilé-ìwé bá wà ní títì

Nígbà tí ìjọba ti ilé-ìwé pa ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹta 2020 nítorí Kòrónà, Zoom ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sáré lọ. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà kò lè bá a lọ títí. Fídíò wákàtí kan lè jẹ tó gígábáìtì kan, Zoom ọ̀fẹ́ sì máa ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40. Yàtọ̀ sí owó, ẹni tó jókòó tó ń gbọ́ ẹlòmíràn kò tíì kọ́ bí a ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbọ́dọ̀ la ẹnu, kí ẹnìkan gbọ́ ọ, kí onítọ̀hún sì fún un lésì. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp ló dára jù fún èyí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀ kì í tó mẹ́gábáìtì kan, olùkọ́ sì lè gbọ́ ọ nígbàkígbà tí iná bá dé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ WhatsApp kan ju olùkọ́ 24 lọ. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi ohùn ìṣẹ́jú méjì ránṣẹ́, ìṣẹ́jú 48 lẹ ó fi gbọ́ wọn, èsì yóò sì tún gbà tó wákàtí kan. Bí wọ́n bá tó ọgọ́rùn-ún, èsì á dúró, ẹgbẹ́ náà á wá di ibi àdúrà òwúrọ̀ àti ìròyìn tí wọ́n ń fi ṣọwọ́ káàkiri. Ẹ tò ó kí admin, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́, nìkan lè kọ nǹkan síbẹ̀, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sì fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀.

Kókó kan péré lọ́sẹ̀ kan. Ẹ fi àlàyé ìṣẹ́jú mẹ́ta ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, kí iṣẹ́ wọn wọlé kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú, kí èsì dé ọwọ́ wọn ní ọjọ́ Ẹtì. Èsì tó bá pẹ́ kọjá ọjọ́ méjì, olùkọ́ ti gbàgbé ohun tó sọ.

Ẹ mú ìró v. Yorùbá kò ní in, ìdí nìyẹn tí van fi ń di fan lẹ́nu wa. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a kàn pe ọ̀rọ̀ náà, kí a ní kí wọ́n pè é tẹ̀lé wa. Fan náà ni wọn yóò tún pè, torí etí wọn kò tíì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka méjì lé gògóńgò, kí wọ́n fa f gùn: fffff. Gògóńgò kò ní gbọ̀n. Kí eyín òkè wà lórí ètè ìsàlẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n wá fi ohùn sí i bí oyin ṣe ń kùn: vvvvv. Ìka yóò mọ̀ ọ́n lára. Ẹnu ti mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀, ohùn ọ̀fun nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni s ṣe ń di z. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ méjì-méjì: fan, van; fine, vine; Sue, zoo; price, prize. Méjì-méjì mẹ́wàá ti tó, ogún a máa sú ni.

Fún th, ẹ ya fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 15 tó hàn dé ẹnu nìkan, kí ẹ kọjú sí fèrèsé, kí wọ́n lè rí orí ahọ́n láàárín eyín.

Ẹ má fi ìpè fóònù lásán yẹ ìró wò. Ìpè bẹ́ẹ̀ máa ń gé ìró tó ga kúrò, f àti s á wá jọra, ẹ ó sì bá ẹni tó pè é dáadáa wí. Bí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ jìnnà sí fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Kí fóònù jìnnà sí ẹnu tó gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí èémí p má baà fẹ́ lù ú.

Ní ti gírámà, he àti she ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí "ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń pe akọ àti abo. Ẹ fi àwòrán màmá àti bàbá ránṣẹ́, kí wọ́n sọ gbólóhùn mẹ́wàá nípa wọn láìdúró.

Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò gba WhatsApp, ẹ so ó mọ́ olùkọ́ àdúgbò rẹ̀ tó ní i. SMS lẹ lè fi rán an létí iṣẹ́. Lẹ́tà 160 ni ọ̀kan ń gbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ẹ tàbí ọ sínú rẹ̀, ó di 70, owó á sì pọ̀ sí i.

Ohun tó máa ń tú ẹgbẹ́ ká jù ni ìtìjú. Olùkọ́ tó ti lo ọdún 25 lẹ́nu iṣẹ́ kò ní tún la ẹnu bí ẹ bá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lójú àwọn tí ó lè bí lọ́mọ. Ìkọ̀kọ̀ ni kí ẹ ti dá a lóhùn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. V yín ní van ti mọ́ kedere. Ẹ tún gbọ́ five, ìparí rẹ̀ ṣì ń di f." Ohun kan tó dára, ohun kan tó kù, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí àwọn olùkọ́ lè fi ohun tí wọ́n kọ́ dánra wò, àwọn ọmọ inú ilé wọn ni kí wọ́n fi ṣe kíláàsì, méjì tàbí mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohùn nìkan ni kí wọ́n gbà sílẹ̀, kí ojú ọmọ ọlọ́mọ má baà di ohun tí ń kiri.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ka ìpínrọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ránṣẹ́, kí ẹ sì tọ́jú ohùn náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ ní kí ó tún ka ìpínrọ̀ kan náà, kí ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí i pa pọ̀. Bí ilé-ìwé bá ṣí, ẹ tún gba ẹ̀kẹta, láti inú kíláàsì gan-an. Nínú ariwo ọmọ ogójì ni fan ti máa ń padà wá, ẹ sì ti mọ ohun tí ẹ ó fi ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kàn.